Ọmọbìnrin Tó Kọ Àga Kékeré

Ilé-ìwé wa kéré débi pé bí ẹnì kan bá sín ní yàrá ìdáná, ẹni tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á dá a lóhùn pé, "Ìlera o!" Ilé àtijọ́ kan ní Irapuato ni wọ́n sọ di ilé-ìwé. Àwọn ọmọ kéékèèké wà nísàlẹ̀, àwa tá a ti wọ sẹ́kọ́ńdírì wà lókè. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ wa ní ohun gbogbo, àyàfi ìtàn ilẹ̀ Mẹ́síkò. Ìdajì wa jẹ́ ọmọ ìlú, ìdajì yòókù sì jẹ́ ọmọ àwọn ẹnjiníà tó wá láti Jàpáànù àti Jámánì sí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà Salamanca. Ní kíláàsì tèmi, ọdún kejì sẹ́kọ́ńdírì, àwa mẹ́jọ péré la wà níbẹ̀. Àga mẹ́jọ náà ló sì wà níbẹ̀.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni Doña Chayo di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé. Obìnrin gìrìpá ni, kì í ṣeré pẹ̀lú àkókò. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́nu géètì èèyàn. Bí o ò bá tíì jáde, fẹsẹ̀ rìn nìyẹn. Michoacán ni òun àti ọmọ rẹ̀ ti wá, láti abúlé kan létí adágún, níbi tí wọ́n ti ń sọ Purépecha nínú ilé, tí wọ́n ń sọ èdè Sípéènì lójà. Nígbà tí Míìsì Thackray, ọ̀gá ilé-ìwé wa, gbà á síṣẹ́, àdéhùn wọn ni pé ọmọ rẹ̀ á máa kàwé lọ́dọ̀ wa lọ́fẹ̀ẹ́.

Yunuén lorúkọ ọmọ náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Ó ti ṣe ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdírì tán ní ìlú wọn, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du ipò kìíní nínú ìṣirò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó dé, Míìsì Thackray pè é sí ọ́fíìsì, ó ń bi í ní ìbéèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yunuén lè ka Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lè kọ ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó fi í bá a sọ̀rọ̀ rí láyé rẹ̀. Ibi tó ti ń wá ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọ̀gá ti bi í ní ìkejì. Kó tó rí ti ìkejì, ọ̀gá ti pa ìwé dé.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ kò tíì jinná," ló wí. "Kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wàá wà títí yóò fi jinná."

Bí wọ́n ṣe mú ọmọ ọdún mẹ́tàlá lọ jókòó láàárín àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá nìyẹn. Àga ibẹ̀ kéré. Orúnkún rẹ̀ ń kan tábìlì lábẹ́, bó bá sì fẹ́ kọ̀wé, ẹ̀gbẹ́ ló ń na ẹsẹ̀ méjèèjì sí, àwọn ọmọ á máa fi í kọsẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀. Àǹtí ni wọ́n sọ ọ́ dà. "Àǹtí, bá mi so okùn bàtà mi." "Àǹtí, bá mi bó ọsàn yìí." Tíṣà wọn náà rí i pé ó wúlò: òun ló ń pín kéréyọ̀nù, òun ló ń nu pátákó. Ohun tí wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà ni bí èèyàn ṣe lè pín àkàrà kan sí ọ̀nà mẹ́rin, ohun tí Yunuén ti mọ̀ kí eyín rẹ̀ tó pààrọ̀ tán.

Ó fara dà á fún nǹkan bí oṣù kan. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé kan, òjò ń rọ̀, Mísítà Baltazar tó ń kọ́ wa ní ìṣirò ń kọ nǹkan sójú pátákó, ni ilẹ̀kùn bá ṣí. Yunuén wọlé. Ó kí tíṣà, ó rìn gba àárín wa kọjá, ó lọ dúró sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó yọ ìwé rẹ̀ jáde.

Mísítà Baltazar yíjú padà. "Yunuén, ìsàlẹ̀ ni kíláàsì tìrẹ."

"Rárá o, Mísítà. Ibí ni."

"Ta ló ní kó o gòkè wá?"

"Èmi ni."

Iker, aláwàdà kíláàsì wa, kò jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. "Àǹtí! Àwọn ọmọ ẹ ń sunkún nísàlẹ̀ o!"

A bú sẹ́rìn-ín. Yunuén wò ó látòkè délẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrìn ojú yẹn kò gùn, nítorí Iker kò ga.

"Bí wọ́n bá ń sunkún, lọ bá mi rẹ̀ wọ́n," ló wí. "Àga mi ṣófo níbẹ̀. Ó máa gbà ẹ́ dáadáa."

Ẹ̀rín náà wá yí padà, orí Iker ló wó lé. Etí rẹ̀ pọ́n. Mísítà Baltazar fi ìwé bo ẹnu tirẹ̀, ó húkọ́, lẹ́yìn náà ó ní kí a má pariwo, òun ń bọ̀. Ẹni jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ ìjà ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó padà dé, Míìsì Thackray ló ṣíwájú rẹ̀, bàtà rẹ̀ ń kọ kà-kà-kà lórí àtẹ̀gùn.

Míìsì Thackray ti pẹ́ ní Mẹ́síkò ju ọjọ́ orí èyíkéyìí nínú wa lọ. Ó gbọ́ èdè Sípéènì dáadáa, àwọn ọlọ́jà ń jẹ́rìí sí i, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ géètì ilé-ìwé, ẹnu rẹ̀ kì í sọ ọ́ mọ́. Òfin tó ṣe fún wa ló ṣe fún ara rẹ̀ pẹ̀lú.

"Sọ̀kalẹ̀," ló wí ní Gẹ̀ẹ́sì.

Yunuén dá a lóhùn lédè Sípéènì. "N ò sọ̀kalẹ̀ mọ́, Míìsì. Ẹ má bínú."

"Ṣé èdè tí à ń sọ nínú ilé yìí nìyẹn?"

Yunuén gbé ìwé rẹ̀ lé orí pèpéle fèrèsé. Ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà ń tiro bọ̀ lẹ́nu rẹ̀: "Èmi lọ, rárá."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín ìdákọ́ńkọ́. Míìsì Thackray kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ náà gbọ́ ara rẹ? Ìdí tí mo fi fi ọ́ sísàlẹ̀ nìyẹn. Kò sí àga fún ọ níbí."

"Àga? Èmi bèèrè àga, rárá."

Ìyẹn gún ọ̀gá lára. Ó yí sí Mísítà Baltazar, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ọmọ yìí ní àga, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ máàkì ìwé rẹ̀, tíṣà kankan kò sì gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè. "Ẹsẹ̀ ni yóò ro ó," ló wí. "Yóò sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ẹsẹ̀ ro ó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ̀kalẹ̀. Orí pèpéle fèrèsé ló ń gbé ìwé lé kọ, ibẹ̀ sì ń jò. Nígbà tó bá di ọ̀sán, ìwé rẹ̀ á ti rin gbindin. Kì í fara ti ògiri. Ó ní bí òun bá fara ti ògiri, wọ́n á ní ó ti rẹ òun. Ní àkókò ìsinmi mo bá a lẹ́yìn táǹkì omi, ó lóṣòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú.

"Ṣé kò dùn ẹ́ ni?" mo bi í.

"Ó ń dùn mí."

"Kí ló wá dé tó ò sọ̀kalẹ̀?"

"Abril, ìsàlẹ̀ yẹn dùn mí ju èyí lọ."

Ilé wa ló jìnnà jù, nítorí náà èmi ni Doña Chayo máa ń já sílẹ̀ kẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí Yunuén ti ń dúró, àwa mẹ́ta la kù nínú ọkọ̀. Ìyá ń wakọ̀, ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti bọ́ bàtà. Wọ́n gbàgbé pé mo wà lẹ́yìn.

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ mi ni?" ìyá bẹ̀rẹ̀.

"Rárá, Màmá."

"Kí lò ń wá kiri nígbà náà? Obìnrin yẹn pè mí lónìí. Ó ní bí o ò bá jáwọ́, òun á wá awakọ̀ mìíràn. Ibo la fẹ́ gbà? Ká padà lọ máa gbọ́n ẹja létí adágún?"

Yunuén ń fi ọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. "Nígbà tí ẹ lọ gba ìwé àṣẹ bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ọkùnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà ní kí ẹ padà sílé lọ yan tortilla àgbàdo. Ṣé ẹ padà sílé?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

Iná ojú pópó pọ́n, ó tún di àwọ̀ ewé. Doña Chayo tún wa ọkọ̀ lọ. "Àgbà ni mí nígbà yẹn," ló wí níkẹyìn.

"Àbí ẹ ò rí i? Torí pé èmi kì í ṣe àgbà, ló wá tọ́ kí n lọ máa pín kéréyọ̀nù?"

Ìyá fọn fèrè burúkú mọ́ ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. "Orí kunkun tó wà lára rẹ yìí, ilé bàbá rẹ lo ti gbé e wá."

"Bàbá mi tó ń sá fún àkùkọ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Doña Chayo wò mí nínú dígí. "Abril, ṣé ẹnì kan pè ẹ́ sọ́rọ̀ níbí?"

"Rárá, Doña Chayo."

Ṣùgbọ́n òun náà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló ń nù níbẹ̀. Kò tún sọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé ẹnu ọ̀nà wa.

Míìsì Thackray fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ń ṣe bí ẹni pé òun kò rí Yunuén: bó bá ń pe orúkọ wa, ojú rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ fèrèsé, á fò ó. Ní Ọjọ́rú, ó ní kí a ṣí ìwé. Gbogbo wa ṣí ìwé, àfi Kenshin. Kenshin dìde dúró.

Ọmọ Jàpáànù ni Kenshin. Ọdún tó ṣáájú ló dé, bàbá rẹ̀ sì ni ọ̀gá pátápátá ní ilé-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí wọ́n bá bi í ni.

"Jókòó, Kenshin," ni Míìsì Thackray wí.

"Míìsì, nígbà tí mo dé síbí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mélòó ni mo mọ̀?"

"Kí ni ìtumọ̀ ìyẹn?"

"Méjì ni mo mọ̀. 'Bẹ́ẹ̀ ni' àti 'ẹ ṣé'. Èdè Sípéènì, n kò mọ ẹyọ kan. Inú yàrá yìí lẹ gbé àga mi sí lọ́jọ́ náà. Ẹ kò mú mi lọ sísàlẹ̀. Kí ló dé?"

Gbogbo wa mọ ohun tó dé, ọ̀gá náà sì mọ̀ pé a mọ̀ ọ́n. "Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn ọ́," ló wí. "Jókòó."

Dípò kí ó jókòó, ṣe ni Kenshin gbé àga rẹ̀, ó gbé e lọ bá Yunuén. Yunuén mi orí. "O ṣé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí kí n lè gba àga oníàga ni mo ṣe dúró."

Kenshin kò mọ ohun tí yóò ṣe mọ́. Ó gbé àga náà sáàárín àwọn méjèèjì, òun náà dúró tì í. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ dìde kí ọkàn mi tó gbà. Ọmọ Jámánì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde. Ìró àga gba gbogbo yàrá. Ó wá ku Iker nìkan tó jókòó sáàárín, tó ń wò wá yíká.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ló wí, "ṣé ẹ fẹ́ kí n dá jókòó bí ọba ni?" Ó dìde.

Ojú Míìsì Thackray pọ́n. "Ó dáa. Ẹni tí kò fẹ́ àga, kò nílò àga." Ó pe ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà, ó ní kó kó gbogbo àga jáde lọ sí àká. Ọkùnrin náà ń kó wọn lọ ní méjì-méjì, ó ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ wa níkọ̀ọ̀kan.

Bí àga tó kẹ́yìn ṣe jáde, Yunuén gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ síwájú, ó sì mí kanlẹ̀, irú èémí tí èèyàn ń mí bó bá sọ ẹrù kalẹ̀.

"Kí lò ń ṣe?" Iker sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mo jókòó ni. Kò sẹ́ni tó ní àga mọ́. A ti dọ́gba."

Ni gbogbo wa bá jókòó sílẹ̀. Míìsì Thackray wà níwájú wa pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, orí mẹ́sàn-án ń wò ó láti ilẹ̀. Ẹni tó gbé odó mì, ìdúró kò sí, ìbẹ̀rẹ̀ kò sí. Kò lè ní kí a dìde, nítorí dídìde wa ló ṣẹ̀ ẹ́. Kò lè ní kí a jókòó, nítorí a ti jókòó. Ó kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gbogbo wa ló mú ẹní wá láti ilé, àwọn mìíràn mú tìmùtìmù. Mísítà Baltazar wọlé, ó wò wá, ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó kọ ìṣirò kan tó gùn sójú pátákó, ó ní ta ló lè ṣe é. Kò sẹ́ni tó nàwọ́ sókè. Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó na ṣọ́ọ̀kì sí ọ̀kánkán Yunuén, ojú rẹ̀ wà níta fèrèsé.

"Mísítà," Iker wí, "wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ bi í ní ìbéèrè."

"Ṣé o gbọ́ kí n bi í ní ìbéèrè? Apá mi ni mò ń nà."

Yunuén dìde, ó gba ṣọ́ọ̀kì. Ìlà mẹ́ta péré ló kọ, ó ti dé ìdí rẹ̀. Iker ní rárá, kì í ṣe bí Mísítà ṣe kọ́ wa nìyẹn, àbùjá ló gbà. "Ẹni tó mọ àbùjá kì í pẹ́ lọ́nà," Yunuén dá a lóhùn, ó sì padà sórí ẹní rẹ̀. Mísítà Baltazar ṣì ń wo fèrèsé, ṣùgbọ́n eyín rẹ̀ ti hàn.

Ọ̀rọ̀ wá dé ilé. Màmá mi rí ìdọ̀tí lẹ́yìn síkẹ́ẹ̀tì mi, ó bi mí, mo sọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn òbí ti ń pe ara wọn. Míìsì Thackray ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ṣèpàdé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni mi ò lè gbàgbé. Bọ́ọ̀sì máa ń lọ ẹ̀ẹ̀mejì láàárọ̀: àwa tó ń gbé apá àríwá ló kọ́kọ́ ń kó, lẹ́yìn náà ló ń lọ kó àwọn ọmọ ọ̀nà Salamanca. A ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ nígbà tí a rí Míìsì Thackray lágbàlá, ó ń dúró de Doña Chayo. Mo rò pé kò sùn mọ́jú.

"Mo ti kìlọ̀ fún ọ," ló sọ fún un níwájú gbogbo wa. "Bí ọmọ rẹ bá tún gun àtẹ̀gùn yẹn lónìí, kó kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún mi."

Yunuén dúró sójú kan. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn n kò rí ẹ̀rù lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i níbẹ̀. Ó wo ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ìyá bá sọ ọ̀rọ̀ kan péré, yóò sọ̀kalẹ̀.

Doña Chayo tú kọ́kọ́rọ́ kúrò níbàdí. Ó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́.

"Ẹ gbà á, Míìsì. Àwọn ọmọ ọ̀nà Salamanca ti ń dúró lẹ́nu géètì wọn o, òjò sì ń bọ̀. Ẹ rọra tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó máa ń le láàárọ̀." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Kí lò ń wò? Gòkè lọ. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Yunuén gòkè. Ó sáré ni.

Míìsì Thackray dúró lágbàlá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹsẹ̀ ló máa ń fi rìn wá síbi iṣẹ́. Ó wo ọkùnrin ọgbà, ọkùnrin ọgbà yára mú ìgbálẹ̀. Mísítà Baltazar yọ orí lójú fèrèsé, ó tún fà á padà. Tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní ọ́fíìsì. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún.

"Ẹ lọ kó wọn wá," ni Míìsì Thackray wí. Èdè Sípéènì ló fi sọ ọ́, nínú géètì, gbogbo wa ló gbọ́.

"Ọmọ mi ńkọ́?"

"A máa sọ ọ́ nírọ̀lẹ́."

"Ẹ jẹ́ ó wà lókè títí ìrọ̀lẹ́ nígbà náà." Doña Chayo gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Yàrá ìjẹun kún fọ́fọ́ nírọ̀lẹ́. Bàbá Iker ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní òfin ni òfin, bí ilé-ìwé bá ń gba ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí kíláàsì tó wù ú, kí làwọn wá ṣe níbí? Iker fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Màmá mi ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun ìdí tí ọmọ òun fi ń jókòó nílẹ̀ bí adìyẹ. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀.

Míìsì Thackray dìde, kò pariwo. Ó ní ìdánwò tí a máa ṣe lópin ọdún kẹta sẹ́kọ́ńdírì, òkè òkun ló ti ń wá, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìbéèrè inú rẹ̀. "Mo ti rí ọmọ tó jókòó síwájú ìwé ìbéèrè yẹn tí kò lè ka ojú ìwé àkọ́kọ́," ló wí. "Mo rí ojú rẹ̀. N kò fẹ́ kí ọmọ yìí kùnà bẹ́ẹ̀." Mo gbà á gbọ́. Kò purọ́.

Yunuén dìde láàárín àwọn òbí. "Míìsì, èmi lè sọ?"

"Sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì."

"Bẹ́ẹ̀ ni." Ó di ẹ̀yìn àga iwájú rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin sọ, Gẹ̀ẹ́sì mi jinná rárá."

"Kò jinná," ọ̀gá tún un ṣe. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ ló ṣe é, kì í ṣe ọkàn rẹ̀.

"Kò jinná. Ẹ ṣé, Míìsì. Gẹ̀ẹ́sì mi kò jinná. Èmi mọ̀. Nísàlẹ̀, èmi pín kéréyọ̀nù, èmi so bàtà. Gẹ̀ẹ́sì bàtà, èmi mọ̀ dáadáa." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, kò dúró fún un. "Ẹ̀yin bẹ̀rù, èmi á kùn... kùn..."

"Kùnà."

"Kùnà. Ó lè jẹ́. Bí èmi kùnà, èmi fẹ́ kùnà ní yàrá tèmi. Èmi kò fẹ́ yege ní yàrá ọmọdé."

Ó jókòó. Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló tiro, kò sì sí èyí tí kò dé ibi tó ń lọ. Bàbá Kenshin, ọkùnrin kúkúrú kan tí kò gbọ́ ju ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ lọ, bẹ̀rẹ̀ sí ọmọ rẹ̀ létí, ó sọ nǹkan. Kenshin ní, "Bàbá mi ní òun náà kò gbọ́ èdè ibí nígbà tí òun dé, òun kò sì tíì gbọ́ ọ báyìí. Ó ń béèrè bóyá kí òun náà lọ jókòó ní kíláàsì karùn-ún ni."

Ẹ̀rín sọ. Bàbá Iker pàápàá rẹ́rìn-ín. Míìsì Thackray dúró títí ó fi rọlẹ̀. "Ó lè wà lókè," ló wí. "Ṣùgbọ́n yóò ṣe ìdánwò ìparí ọdún yìí ní Júùnù bíi gbogbo wọn, ìbéèrè kan náà, àkókò kan náà. N kò ní í fi máàkì ṣàánú rẹ̀."

"Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn?" Doña Chayo bi ọmọ rẹ̀.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

"Àga ńkọ́?" Doña Chayo bi ọ̀gá.

Àga mẹ́jọ padà láti inú àká ní Ọjọ́ Ajé. Ìkẹsàn-án kò sí, nítorí náà ọ́fíìsì Míìsì Thackray ni wọ́n ti gbé e wá, àga aláwọ tó ní apá, tí àwọn òbí máa ń jókòó sí. Iker ní kí àwọn máa yí i jẹ lọ́jọ́ọjọ́. Yunuén ní kó kọ́kọ́ lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé fún ọ̀sẹ̀ kan ná.

Ọdún yẹn kò rọrùn fún un. Ìwé ìtàn tí mo ń kà tán nírọ̀lẹ́ kan máa ń gbà á ní ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ̀kalẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún, kí wọ́n lè máa bá a sọ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ yẹn kì í ṣàánú èèyàn; bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá kò tì í lójú láti padà síbẹ̀.

"Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ," ló wí. "Kò sẹ́ni tó rán mi."

Nígbà tí èsì Júùnù jáde, òun ló ṣe ipò kìíní nínú ìṣirò, Kenshin tẹ̀ lé e. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, mẹ́fà ló gbà nínú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mẹ́fà ni ẹnu ààlà; márùn-ún ì bá ti jẹ́ kíkùnà. Àwa ń fò, à ń pariwo. Yunuén kò fò. Ó ń wo ìwé ìdánwò náà, ó ń yí i síwá-sẹ́yìn.

"Mẹ́fà kọ́ ni mo gbà," ló wí.

"Kí lo fẹ́?" Iker wí. "Dúpẹ́, kó o lọ sílé!"

"Wọ́n fagi lé ìbéèrè kejìlá. Ohun tí mo kọ síbẹ̀ kò burú." Ó gbé ìwé náà, ó ń lọ sí ọ́fíìsì.

Mísítà Baltazar ti ra èso sitirọ́bẹ́rì oníwàrà fún gbogbo kíláàsì. A jókòó sórí àtẹ̀gùn, a ń jẹ ẹ́, a sì ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì láti inú ọ́fíìsì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Míìsì Thackray ń ka òfin gírámà láti inú ìwé ńlá kan. Yunuén ń dá a dúró, ó ní kó padà ka ìlà tó fò. Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ti ọ̀gá ń dán gbinrin, ti Yunuén ń tiro, kò sì sí èyí tó fẹ́ sinmi fún èkejì.

Iker na ọwọ́ sí abọ́ Yunuén tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo gbá a lọ́wọ́ dànù.